Ìdílé Nínú Àfonífojì Aginjù: Ọ̀nà White Rim ní Ilẹ̀ Utah

Ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Utah, odò méjì ń ṣàn láàrin aginjù: Green River ni èkíní, Colorado sì ni èkejì. Láti ìgbà láéláé ni odò méjèèjì ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tí òjò àti afẹ́fẹ́ sì ń bá wọn họ ọ́ láti òkè, títí ilẹ̀ náà fi di àfonífojì nínú àfonífojì, tí àpáta rẹ̀ sì pọ́n bí osùn. Láàrin àpáta wọ̀nyí ni ọ̀nà ọkọ̀ kan gbà kọjá, ọ̀nà eléruku tí a kò da ọ̀dà sí, tí gígùn rẹ̀ tó 100 máìlì. White Rim ni orúkọ rẹ̀. Ó gùn ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ọkọ̀ fi ń rìn ín, àní bí kò bá sí òjò, bí táyà kò bá sì bẹ́.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sí ojú-ewé ìdílé kò jìnnà. Púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní Houston tàbí Dallas tàbí Atlanta. Àwọn wọ̀nyí ti kọ́ àṣà ibẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, wọn a di ẹrù sínú ọkọ̀, wọn a kó aya àti ọmọ, wọn a sì mú ọ̀nà aginjù pọ̀n. Ìyá àgbà tí ó wà nílé ní Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀yọ́ yóò gba àwòrán, yóò rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó dúró létí ọ̀gbun, yóò sì ké pé, “Yéè! Kí ni wọ́n wá lọ síbẹ̀?” Ìbéèrè àgbà ni. Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ lọ lè dá a lóhùn, kí ó sì lè dáhùn èkejì tí ìyá náà kò tíì bi í, èyíinì ni pé: báwo ni ẹ ó ṣe padà?

Ẹni tí kò tíì rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí lè fi àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rò ó. Àtẹ̀gùn tí ó ga jù lọ ni òkè kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Island in the Sky, bí ẹni pé erékùṣù kan ni tí ó fò sí ojú ọ̀run. Bí ẹ bá dúró létí rẹ̀ tí ẹ sì bojú wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí àtẹ̀gùn kejì ní ibi tí ó ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ nísàlẹ̀ yín: pẹpẹ àpáta funfun kan tí ó yí òkè náà ká bí etí àwo. Láti ara etí funfun yìí ni ọ̀nà náà ti gba orúkọ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pẹpẹ náà, ọ̀gbun mìíràn tún ṣí sílẹ̀, tí òun náà jìn tó bẹ́ẹ̀, àwọn odò sì ń ṣàn ní ìdí rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn àárín ni ọkọ̀ ń rìn. Nítorí náà, ẹni tí ń wakọ̀ níbẹ̀ ní ògiri àpáta ní apá kan, afẹ́fẹ́ lásán ni ó sì ní ní apá kejì.

Òjò tí ń rọ̀ síbẹ̀ láti January dé December kò tó ínǹṣì mẹ́wàá. Oṣù June kan ṣoṣo ní Èkó a máa rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Àwọn baba ńlá àwọn ẹ̀yà Pueblo gbin àgbàdo síbẹ̀, wọ́n sì mọ àká òkúta sábẹ́ ihò àpáta. Àwọn àká náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó kọ́ wọn ti ṣí kúrò láti nǹkan bí ọdún 1300. Ní oṣù July, 1869, John Wesley Powell gba orí omi dé ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ológun ni ọkùnrin yìí, ó ti fi apá kan sílẹ̀ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní 1862, ó sì fi apá kan tí ó kù darí ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin lórí odò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya àwòrán rẹ̀.

Nísisìyí, ta ni ó la ọ̀nà ọkọ̀ sí irú ibi bẹ́ẹ̀? Ipa ọ̀nà àwọn ẹ̀yà abínibí ni apá kan rẹ̀ jẹ́ ní àtètèkọ́ṣe. Lẹ́yìn náà ni àwọn darandaran ìdílé Shafer mú un tóbi, kí wọ́n baà lè máa da ẹran wọn sọ̀kalẹ̀ lọ jẹko nígbà òtútù. Orúkọ wọn ni ó sì wà lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀nà ọkọ̀ ni bọ́ǹbù átọ́míìkì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ń wá yuréníọ̀mù lójú méjèèjì, ó sì ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i. Ní oṣù July, 1952, Charlie Steen, ọkùnrin tí òun àti aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn mẹ́rin ti ń fi ìṣẹ́ jẹun, wa ilẹ̀ kan ní gúúsù ìlú Moab, ó sì kan yuréníọ̀mù tí ó sọ ọ́ di olówó rẹpẹtẹ. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń dà gìrìgìrì lọ sí Moab. Ìjọba fi katakata la ọ̀nà gba orí pẹpẹ funfun náà fún àwọn awakùsà. Wọ́n wá a títí. Díẹ̀ kín-ún ni wọ́n rí níbẹ̀. Yuréníọ̀mù kò sí, ọ̀nà ni ó ṣẹ́kù.

Ọkọ̀ tí ó lè rìn ín sì ti wà nílẹ̀. Nígbà ogun, àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ṣe ju 600,000 ọkọ̀ jíìpù lọ fún àwọn ọmọ-ogun. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ń ta èyí tí ó kù fún àgbẹ̀ àti darandaran àti ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó díẹ̀. Bates Wilson, alábojútó ọgbà ìjọba kan tí ó wà nítòsí, a máa fi jíìpù kó àwọn èèkàn ìlú wọ inú àfonífojì wọ̀nyí, a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ alẹ́ fún wọn lórí ẹyín iná. Mo gbà pé oúnjẹ náà ṣe ju ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù September, 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson fi ọwọ́ sí òfin tí ó sọ ilẹ̀ náà di ọgbà ìjọba, Canyonlands, kí gbogbo ènìyàn lè máa wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì lè kọ́lé sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìrìn-àjò náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ gbogbo ni ọ̀nà yìí gbà. Òfin ọgbà ni pé kí ọkọ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì ní jíà kejì tí ó wà fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Jíà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìwúlò rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ẹ́ńjìnnì yí púpọ̀ nígbà tí táyà ń yí díẹ̀, kí ọkọ̀ lè fi agbára gòkè láìsáré, kí ó sì lè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìjẹ́ pé a tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó bá fi bíréèkì nìkan sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn yóò rí i pé bíréèkì náà gbóná, bí ó bá sì gbóná jù, kò ní mú mọ́. Ọkọ̀ tí ó dára fún ilé ìsìn àti ọjà, bí ó ti wù kí ó máa dán tó, kò bá ibẹ̀ mu. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lọ́hùn-ún, owó tí ẹni tí yóò wá wọ́ ọ jáde yóò gbà a máa kọjá ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ìwé àṣẹ pẹ̀lú pọn dandan, ìbáà ṣe pé ilẹ̀ kò ní ṣú bá wọn níbẹ̀. Ènìyàn 15 àti ọkọ̀ mẹ́ta ni ó pọ̀ jù tí ó lè sùn sí ibùdó kan. Ajá kò gbọdọ̀ wọlé, bí ó tilẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀; a kò sì gbọdọ̀ fi igi dá iná, nítorí náà kí wọ́n gbé sítóòfù oníná gáàsì lọ.

Omi ni olórí ọ̀rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ọ̀nà náà, kò sí ẹ̀rọ omi kan, kò sí kànga, bẹ́ẹ̀ ni odò tí ojú ń rí nísàlẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ọ̀nà àtidé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì le. Gálọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni àwọn olùṣọ́ ọgbà ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ fún bàbá, ìyá, àti ọmọ mẹ́ta: gálọ̀nù márùn-ún lójúmọ́, 15 fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní tèmi, èmi yóò fi ti ọjọ́ kan kún un fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, kí ó pé 20. Ìwọ̀n ogún gálọ̀nù omi tó ti ọkùnrin àgbà kan, nítorí náà kí wọ́n kà á sí èrò kẹfà nínú ọkọ̀, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún un kí a tó gbé àga àti ìrọ̀rí wọlé. Kí wọ́n má sì ṣe da gbogbo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo. Kẹ́ẹ̀gì tí ó jò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní lè sọ ìdílé di aláìní kí oòrùn tó kan àtàrí.

Epo ọkọ̀ ńkọ́? Moab ni kí wọ́n ti bù ú kún, nítorí jíà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a máa mu epo ju bí ẹni tí ń sáré lórí ọ̀dà ti rò lọ. Kí táyà ìpamọ́ wà, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó ní afẹ́fẹ́ nínú ní tòótọ́. Ẹ̀yin náà mọ iye ọkọ̀ ilẹ̀ wa tí táyà ìpamọ́ wọn jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Kí wọ́n mú pátákó kan dání tí a ó fi sábẹ́ jáàkì, nítorí nínú yanrìn, jáàkì a máa rì kí ọkọ̀ tó gbéra. Àwọn awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ a máa dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù nígbà tí wọ́n bá kúrò lórí ọ̀dà, kí táyà lè tẹ́ díẹ̀ kí ó sì gbá yanrìn mú. Fún ìdí èyí wọn a mú ẹ̀rọ tí ń fẹ́ táyà dání fún ìgbà tí wọ́n bá padà.

Ibi tí púpọ̀ ti ń wọ ọ̀nà náà ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Shafer. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kúrò lórí òkè pẹrẹsẹ, tí ó ń sọ̀kalẹ̀ 1,500 ẹsẹ̀ bàtà, bí ẹni tí ó to ilé Cocoa House ti Ìbàdàn mẹ́rin léra wọn tí kò sì tíì kan ilẹ̀. Ọ̀nà náà ṣe kọ́lọkọ̀lọ lára ògiri àpáta, kò sí irin kankan létí rẹ̀ tí yóò dá ọkọ̀ dúró. Kí awakọ̀ ti fi jíà sí ipò rẹ̀ lókè, kì í ṣe ní àárín ọ̀nà. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹni tí ń gòkè ni ó ni ọ̀nà. Ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ ni kí ó yà sí ibi tí ó gbòòrò kí ó sì dúró. Ìdí òfin yìí ni pé ọkọ̀ tí a dá dúró lórí òkè lè ṣòro láti tún gbéra, ó sì burú kí awakọ̀ máa fi ẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀ ní ibi tí kò ti rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ọṣẹ. Bí yìnyín bá sì bo ilẹ̀ nígbà òtútù, wọn a ti ọ̀nà náà pa.

Nígbà tí wọ́n bá dé orí pẹpẹ funfun, ojú yóò lajú. Ọkọ̀ kò lè sáré ju máìlì mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní wákàtí kan. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lè kọjá wọn, kí ó sì juwọ́ sí wọn. Àwọn ọmọdé tí ó ti mọ́ lára láti máa bi bàbá wọn pé, “Ṣé a ti dé?” yóò béèrè títí yóò fi sú wọn, lẹ́yìn náà wọn ó wá bẹ̀rẹ̀ sí wo ìta. Ní ibì kan, àpáta ti ṣe bí afárá tóóró lórí ọ̀gbun. Musselman Arch ni wọ́n ń pè é. Kí a wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí a má gun orí rẹ̀. Níbòmíràn, òkúta dúró gogoro bí ilé-ìṣọ́, ọ̀kan sì wà tí ó jọ obìnrin tí ó tẹ̀ ba lé ọpọ́n ìfọṣọ rẹ̀, Washer Woman ni orúkọ rẹ̀.

Ohun kan wà nílẹ̀ tí ojú lè ṣì mọ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà, ilẹ̀ a máa dúdú, a sì máa rí ṣákiṣàki bí èèpo búrẹ́dì tí ó jóná. Ohun alààyè ni. Àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, pẹ̀lú ewédò àti irú wọn, ni wọ́n fi fọ́nrán ara wọn so yanrìn pọ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, kí koríko sì lè rí ibi ta gbòǹgbò. Ẹsẹ̀ ọmọdé kan lè ba èyí tí yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó tún hù jẹ́. Nítorí náà ni òfin fi sọ pé kí táyà má kúrò lójú ọ̀nà rárá, kí ẹlẹ́sẹ̀ sì máa tẹ orí àpáta tàbí inú yanrìn ipa àgbàrá. Èmi kò mọ ẹ̀kọ́ tí ó rọrùn jù báyìí lọ láti kọ́ ọmọ pé ilẹ̀ lè ní ẹ̀mí, kí ó sì rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn ìbéèrè ìyá àgbà. Ní ilé, pàápàá ní ìlú òyìnbó, bàbá a máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá a ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan a wọ yàrá rẹ̀ lọ pẹ̀lú tẹlifóònù lọ́wọ́. Lórí White Rim, tẹlifóònù kì í dún ní ọ̀pọ̀ ibi, yàrá kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ní, òun náà sì ní táyà mẹ́rin. Níbi tí àpáta bá ti ta gìrì lójú ọ̀nà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ síwájú kí ó máa fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀: sọ́tùn-ún díẹ̀, dúró, máa bọ̀. Awakọ̀ kò rí ohun tí ó wà lábẹ́ imú ọkọ̀. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ ni ó rí i. Bí ọmọ tí ó ti gbọ́n bá ni ó ń júwe, bàbá ní láti gbọ́ràn sí ọmọ lẹ́nu, kí ó sì dúró nígbà tí ọmọ bá ní dúró. Àwọn àgbà wa ti wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá ti í fi èyí hàn ní gbangba kò pọ̀. Mo rò pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú gbogbo ìdílé gun òkè Murphy kò ní jọ ọmọ tí a gbé jókòó sẹ́yìn láti Houston.

Murphy yìí wà ní nǹkan bí àárín ìrìn-àjò náà. Òkè rẹ̀ le, ó tóóró, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà nínú èrò ọkọ̀ lè sọ̀kalẹ̀ kí ó fi ẹsẹ̀ gùn ún. Ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀. Ibùdó wà lókè rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ ìlú kankan kò sí tí yóò dí ìràwọ̀ lọ́wọ́. Ní 2015 ni àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú òkùnkùn òru ní gbogbo ayé fi ọgbà náà sí ara àwọn tí wọ́n bu ọlá fún. Àwọn òbí tí a tọ́ dàgbà ní ìletò kí iná mànàmáná tó dé yóò rántí irú òru bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn kò ì tíì rí i rí. Ibẹ̀ ni àlọ́ ti yẹ kí ó jáde.

Lẹ́yìn Murphy, ọ̀nà náà kọrí sí ọ̀dọ̀ Green River, yanrìn ń pọ̀ sí i, òkè Hardscrabble sì ń dúró dè wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn ó gba Mineral Bottom gòkè jáde, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ mìíràn bí ti Shafer. Ní oṣù August, 2010, àgbàrá òjò gbá ọ̀nà Mineral Bottom yìí lọ, a kò sì rí i tún ṣe tán títí di 2011. Èyí ni ó yẹ kí òbí fi sọ́kàn nípa òjò aginjù: ó lè má kán sí wọn lórí. Ó lè rọ̀ sórí òkè tí ó jìnnà, kí àgbàrá rẹ̀ sì gba inú ipa odò gbígbẹ dé bá ẹni tí oòrùn ń ta lórí. Àpáta kì í mu omi bí ilẹ̀ wa. Fún ìdí èyí, a kì í pàgọ́ sínú ipa odò gbígbẹ, bí yanrìn ibẹ̀ tilẹ̀ rọ̀ bí tìmùtìmù, a kì í sì í wakọ̀ wọ inú omi tí ń ṣàn.

Òjò kọ́ ni ó ń pa ènìyàn jù ní irú ibi wọ̀nyí. Ooru ni. Nígbà ooru, òtútù àti ìgbóná tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi Fahrenheit wọ̀n a máa kọjá 100. Ara a máa fi òógùn tu ara rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn fi ń gbẹ kí ó tó kán sílẹ̀, ènìyàn a sì rò pé òun kò làágùn. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọmọdé, omi ti dín nínú ara rẹ̀ tipẹ́. Bí ó bá wá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀ràn ti di ti ẹ̀mí: kí a gbé e sábẹ́ ìbòòji, kí a da omi sí i lára, kí a máa fẹ́ ẹ, kí a sì wá ìrànlọ́wọ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ ibẹ̀ fi ń yan ìgbà ìrúwé tàbí ìgbà tí ewé ń wọ́, láti March dé May, tàbí September dé October. Ìsinmi gígùn ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ sí July, mo mọ̀. July kọ́ ni ìgbà rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ kó ọmọ lọ sí aginjù ṣàìgbọ́. Kò ṣẹlẹ̀ ní Utah, ní ìpínlẹ̀ California tí kò jìnnà síbẹ̀ ni, ní àfonífojì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Death Valley. Ní oṣù July, 1996, ìdílé kan láti ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àti ọmọ méjì, háyà ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn fífà láti fi rìnrìn-àjò ìsinmi. Ọkọ̀ ojú ọ̀dà ni, kì í ṣe jíìpù. Wọ́n gba àfonífojì Anvil, ọ̀nà tí jíìpù pàápàá ń fi ìṣọ́ra rìn. Ní oṣù October ni olùṣọ́ kan rí ọkọ̀ náà láti inú ọkọ̀ òfuurufú: táyà mẹ́ta ti bẹ́, ó rì sínú yanrìn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. A wá wọn títí, a kò rí wọn. Ní oṣù November, 2009, lẹ́yìn ọdún 13, ni àwọn ọkùnrin méjì tí ó fi ìfẹ́ ara wọn wá wọn rí egungun ní ọ̀pọ̀ máìlì sí gúúsù ọkọ̀ náà. Àwọn tí wọ́n yẹ ọ̀ràn náà wò rò pé ibùdó ológun tí wọ́n rí lórí àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá lọ, pẹ̀lú ìrètí pé ẹ̀ṣọ́ yóò wà létí rẹ̀. Aginjù lásán ni ó wà níbẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí bàbá náà rò nígbà tí táyà kìíní bẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà náà: kí ó tó di pé ọkọ̀ rì, ibi tí wọ́n ti lè yípadà pọ̀. Ó ṣòro fún olórí ilé láti wí níwájú aya àti ọmọ pé, “Ọ̀nà yìí ju ọkọ̀ wa lọ, ẹ jẹ́ kí a padà.” Owó ti jáde, ọjọ́ ìsinmi ń lọ, ibi tí à ń lọ sì dà bí ẹni pé ó súnmọ́ tòsí lórí àwòrán ilẹ̀. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ìyàwó ilé sọ, òun ni pé kí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣe àdéhùn ní ilé, kí wọ́n tó gbéra, pé bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti ní kí a padà, a ó padà, a kì yóò sì bá ara wa jà nípa rẹ̀ títí a ó fi dé orí ọ̀dà.

Bí ọkọ̀ bá sì kọṣẹ́ pátápátá, kí wọ́n dúró tì í. Ọkọ̀ a máa fúnni ní ìbòòji, omi wà nínú rẹ̀, ó sì tóbi tó kí ẹni tí ó wà lójú ọ̀run rí i; ènìyàn tí ń rìn láàrin àpáta kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sókè, kí wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ títàn sórí rẹ̀, kí wọ́n jókòó sí ibi tí oòrùn kò sí, kí wọ́n sì máa mu omi. Omi tí a tọ́jú nígbà tí òùngbẹ ń pa ọmọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nísisìyí tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ láti ibi tí tẹlifóònù kò ti lè ṣiṣẹ́. Ó tọ́ kí wọ́n rà á tàbí háyà rẹ̀. Kí wọ́n mú àwòrán ilẹ̀ tí a tẹ̀ sórí ìwé dání pẹ̀lú, nítorí èyí tí ń bẹ nínú tẹlifóònù a máa fi ipa ewúrẹ́ hàn bí ọ̀nà ọkọ̀.

Ohun tí ó kù ni ìwé tí wọn yóò fi sílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ ní òru ọjọ́ tí ó ṣáájú: orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀, àwọ̀ ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọn ó gbà wọlé, ibùdó tí wọn ó sùn sí ní alẹ́ kìíní àti alẹ́ kejì, ibi tí wọn ó gbà jáde, àti wákàtí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi ohùn ránṣẹ́. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà àwọn olùṣọ́ ọgbà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n fi lé ọwọ́ ẹnì kan tí ó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ nínú ìjọ, ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan, tí ojú kò sì ní tì láti pe àwọn olùṣọ́ ní wákàtí kan lẹ́yìn àkókò, bí ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé yanrìn ni ó dá wọn dúró, tí wọ́n sì ń bọ̀ lọ́nà.